Kíkọ́ni ní gírámà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lè lò ó lẹ́nu

Olùkọ́ kọ òfin sójú pátákó, ó ṣàlàyé rẹ̀, ó sì fún kíláàsì ní gbólóhùn mẹ́wàá pé kí wọ́n yí i sódì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba mẹ́sàn-án. Kíláàsì tú, olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé o ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá?" Èsì tó gbọ́ ni, "Rárá, mo kò ti parí."

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wa tó ń kọ́ni ní èdè lágara nìyí: òfin wà lórí ìwé, kò dé ẹnu. Tí ó bá ṣẹlẹ̀, a máa ń tún òfin náà ṣàlàyé, a sì máa ń fi ìdánrawò kún ìdánrawò. Èrò tèmi ni pé àlàyé kì í sábà jẹ́ ìṣòro níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti yí ọgọ́rùn-ún gbólóhùn padà láìjẹ́ pé ìtumọ̀ fipá mú un yan ọ̀kan nínú wọn rí. Ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń tún ibẹ̀ yẹn ṣe. Màá fi àyísódì Yorùbá, ìyẹn bí a ṣe ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá ìyàtọ̀ tó wà láàárín "kò" àti "kò tíì". Ẹni tó ń kọ́ni ní èdè mìíràn lè fi kókó gírámà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kókó gírámà kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ 1 á ràn yín lọ́wọ́ láti yàn án.
- Ọ̀rọ̀ kúkurú kan, gbólóhùn márùn-ún sí mẹ́jọ, tí ẹ̀yin fúnra yín kọ.
- Ìwé iṣẹ́ oríṣi méjì fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì. Ohun tó wà nínú ti ẹnì kan kò gbọdọ̀ sí nínú ti ẹnì kejì.
- Bébà kan tí ẹ ó máa kọ àṣìṣe tí ẹ bá gbọ́ sí.
- Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 fún kíláàsì àkọ́kọ́, àti ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá nínú kíláàsì mẹ́ta mìíràn tí yóò tẹ̀ lé e.
- Ìmọ̀ nípa ẹni tó jókòó síwájú yín. Ẹni tó ń gbọ́ èdè náà nílé ti ní "kò tíì" létí, ó lè má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí ni. Ẹni tó ń kọ́ èdè náà láti òkèèrè kò ní in rárá. Àwọn méjèèjì lè wà ní kíláàsì kan náà, ìgbésẹ̀ 4 sì máa fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀

Àkòrí inú ìwé ìkọ́ni sábà máa ń jẹ́ "Àyísódì". Àkòrí yẹn tóbi ju kíláàsì kan lọ. Ẹ wo ohun tó kó sínú:

- Ó sùn → Kò sùn
- Ó ń sùn → Kò sùn ("ń" lọ pátápátá, a kì í sọ "kò ń sùn")
- Mo ti parí iṣẹ́ náà → N kò tíì parí iṣẹ́ náà, tàbí Mi ò tíì parí iṣẹ́ náà
- Ó máa ń pẹ́ → Kì í pẹ́
- A máa padà lọ́la → A kò ní padà lọ́la
- Olùkọ́ wà nínú yàrá → Olùkọ́ kò sí nínú yàrá
- Ìwé ni mo rà → Ìwé kọ́ ni mo rà, tàbí Kì í ṣe ìwé ni mo rà
- Jókòó! → Má jókòó! Fún àgbà tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn: Ẹ má jókòó!

Ìlà mẹ́jọ nìyẹn, mi ò sì tíì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Níwájú "kò", "mo" á di "n" tàbí "mi". "Ó" á pòórá. "Wọ́n" á sọ ohùn òkè rẹ̀ nù, á di "wọn kò". Ẹni tó bá da gbogbo èyí lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí lọ́jọ́ kan, ìlànà ló ń kà fún un, kò tíì máa kọ́ ọ.

Ẹ yan ìyàtọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ nínú. "Kò" àti "kò tíì" dára nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í rọ́pò ara wọn: "kò wá" ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀, "kò tíì wá" ṣì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ "kò" fúnra rẹ̀ àti bí "ó" ṣe ń pòórá níwájú rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà tó rọrùn jù láti to wọn ni "kò", lẹ́yìn náà "kò sí", "má", "kò ní", "kì í", "kò tíì", kí "kọ́" wá kẹ́yìn, nítorí pé "kọ́" ń bá "ni" alátẹnumọ́ rìn, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àdánwò láti fi "kì í" kún un nítorí pé "àkókò ṣì kù". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra, tí wọ́n wọlé lọ́jọ́ kan náà, á máa fa ara wọn lẹ́sẹ̀ nínú orí akẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ á lè ṣe nígbà tí kíláàsì bá parí. Tèmi ni: "Akẹ́kọ̀ọ́ á lè ya ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ṣì ń retí." Bí tiyín bá ní "àti" nínú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ gé e.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkurú tí kókó náà ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ wá ipò kan tí ènìyàn kò ti ní lè yẹra fún kókó náà. Fún "kò tíì", ibi tí wọ́n ti ń retí nǹkan ló dára jù: ìpàdé, ìrìn àjò, ìmúrasílẹ̀ fún ètò kan. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

"Aago mẹ́rin ti lù, ìpàdé sì ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́lá ti wà níkàlẹ̀. Kúnlé kò tíì wá. Ṣadé kò wá. Akọ̀wé kò tíì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Alága kò dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó rọrùn, àbí? Àmọ́ ẹ wo bí mo ṣe lè bà á jẹ́: "Kúnlé kò tíì wá, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Ṣadé kò wá, nítorí pé ara rẹ̀ kò yá." Ó dùn ún gbọ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò wúlò fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ "wà lójú ọ̀nà" ti mọ ẹni tí à ń retí, kò sí ìdí kankan fún un láti kíyè sí "tíì". Etí ènìyàn máa ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ tó tóbi, tó sì ní ìtumọ̀ tó hàn. Wúnrẹ̀n kékeré bíi "tíì", "ń" àti "ti" ló máa ń ré kọjá. Nítorí náà, ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti fò kókó náà dá. Ẹ lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà fún méjèèjì pẹ̀lú, "kò wá" àti "kò tíì wá", kí ìyàtọ̀ má ba à farapamọ́ sábẹ́ nǹkan mìíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ọwọ́ bo "tíì" nínú ọ̀rọ̀ yín. Ṣé ẹ ṣì lè mọ ẹni tí wọ́n ń retí? Bí ẹ bá ṣì lè mọ̀ ọ́n, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ fún ìtumọ̀

Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ má fa "tíì" gùn, ẹ má sì kọ nǹkan kan sójú pátákó. Kí ẹ tó kà á ni kí ẹ ti béèrè ìbéèrè kan tí kókó gírámà náà nìkan lè dáhùn:

"Àga méjì ló ṣófo. Ọ̀kan ni a fẹ́ gbé kúrò. Ti ta ni?"

Ẹni tó bá gbọ́ ìyàtọ̀ náà á sọ pé ti Ṣadé ni. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á dáhùn ní "méjèèjì" tàbí kó máa méfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn ọmọ tó gbọ́n jù ní kíláàsì máa ń bo ti ìyókù mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe pe orúkọ kókó náà síbẹ̀. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Lónìí a máa kọ́ nípa àyísódì ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àṣetán" ti sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n gbé ìtumọ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì máa wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n á há sórí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ó bá ju ìdajì lọ tó sọ pé ti Ṣadé ni, àwọn kan ti ní kókó náà létí, ẹ lè tẹ̀ síwájú kíákíá. Bí ó bá kéré sí ìdajì, ẹ tún un kà, ẹ sì béèrè ìbéèrè mìíràn: "Ta ni kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣì máa wò fún?"

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rí i, àmọ́ kì í ṣe nígbà gbogbo

Ní báyìí ni kí ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, ní ìlà méjì-méjì:

Kúnlé kò tíì wá. / Ṣadé kò wá.
Akọ̀wé kò tíì kà á. / Alága kò dúró.

Ẹ pín wọn sí ẹni méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta la ṣì ń retí? Kí ló wà nínú gbólóhùn rẹ̀ tí kò sí nínú èkejì? Bí akọ̀wé bá wá ka àkọsílẹ̀ náà tán, kí la máa sọ? Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé èsì rẹ̀, "Akọ̀wé ti kà á", ló so "kò tíì" mọ́ "ti". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìsopọ̀ yẹn kò ní sọ "kò ti" mọ́ ní ìrọ̀rùn.

Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ òfin tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó dájú pé ẹnì kan á kọ: "Tíì ni a ń lò bí ẹni náà bá ń bọ̀." Ẹ má fi ọwọ́ òdì gbá a. Ẹ fún wọn ní gbólóhùn tuntun kan: "Òjò kò tíì dá." Ta ló ń bọ̀ níbẹ̀? Òjò ti dé tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á láàárín ara wọn títí wọn á fi rí i pé ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń sọ ni à ń retí, ìyẹn dídá òjò. Ìṣẹ́jú tí kíláàsì fi tún òfin ara wọn ṣe yìí níye lórí gan-an. Ibẹ̀ ni kókó náà ti ń di tiwọn.

Níbí ni àwọn tó ń gbọ́ èdè náà nílé ti yàtọ̀. Wọ́n á mú èsì tó tọ̀nà wá kíákíá, wọn kò sì ní lè sọ ìdí. Ẹ má fi wọ́n ṣe olùkọ́ kékeré tí yóò máa dáhùn fún gbogbo ènìyàn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, tàbí kí wọ́n wá gbólóhùn tí kò ṣeé fi "tíì" sí, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sì lo irúfẹ́ mìíràn tó gbọ́ nílé, bíi "kò ì wá", ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ sì fi èyí tí a ń kọ sínú ìwé hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka èdè kì í ṣe àṣìṣe, ọmọ tí wọ́n bá sì sọ fún pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò dára lè dákẹ́ títí kíláàsì á fi parí.

Nísinsìnyí, ìgbà wo ni kí a kàn sọ òfin? Awuyewuye pọ̀ lórí èyí láàárín olùkọ́ èdè. Àwọn kan fara mọ́ pé kí òfin ṣáájú àpẹẹrẹ, àwọn kan sì ní àpẹẹrẹ ni kí ó ṣáájú. Mi ò rí ìdí láti fi ara jìn fún ọ̀kan. Bí òfin bá ru ìtumọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti máa yan nínú ohun méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a. Bí kò bá ru ìtumọ̀ kankan, ẹ sọ ọ́ tààrà. "Ó" ń pòórá níwájú "kò": kò sí ohun tí ènìyàn á ṣàwárí níbẹ̀ tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ sọ ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ mẹ́ta hàn, ẹ kọjá. Bákan náà, àgbàlagbà tó ti kọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta rí sábà máa ń béèrè òfin kíákíá. Ẹ fún un, kí ẹ má sọ ọ́ di ẹni tí ń méfò lásán.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ gbólóhùn méjì tí wọn kò rí rí, "Iná kò tíì dé" àti "Iná kò dé lánàá", kí wọ́n ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ẹ máa rìn káàkiri, ẹ máa tẹ́tí. Àlàyé wọn lè má lẹ́wà, ìtumọ̀ ni kí ẹ gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ sọ òfin náà ní ìlà méjì

Mú lára ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ sì tún un ṣe díẹ̀: "Kò: kò ṣẹlẹ̀. Kò tíì: kò ṣẹlẹ̀ títí di ìsinsìnyí, a ṣì ń retí rẹ̀. Ó jẹ́ òdì 'ti'." Ó tán. Bí ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe bá béèrè orúkọ bíi àyísódì, atọ́ka tàbí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀, ibí yìí ni kí ẹ ti dárúkọ wọn, lẹ́yìn tí ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìdánrawò tí ìtumọ̀ ń darí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ ti ń kùnà. Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Yí gbólóhùn yìí sódì: Mo ti kà á." Ó dára bí? Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kankan rọ́pò ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, "Mo ti bìrìkà." Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ "N kò tíì bìrìkà", á sì gba máàkì rẹ̀ pé. Ìdánrawò tí ènìyàn lè yege nínú rẹ̀ láìmọ ohun tó ń sọ kò lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Mi ò sọ pé kí ẹ jù ú nù o. Ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ dára láti mú kí ahọ́n mọ "mi ò tíì" pè láìkọsẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ohùn ṣì ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì ni.

Ẹ wá gbé ìdánrawò kalẹ̀ tó jẹ́ pé ipò ni yóò sọ èyí tí wọn máa yàn:

1. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ ni ẹ ń dúró dè. Aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sọ nípa bọ́ọ̀sì náà.
2. Lánàá, ẹ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹ sọ nípa bọ́ọ̀sì náà.
3. Ẹ wà ní ojú ewé 40 nínú ìwé tó ní ojú ewé 200. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ yá a.
4. Ìwé náà sú yín ní ojú ewé 40, ẹ ti dá a padà. Ọ̀rẹ́ yín béèrè bí ó ṣe parí.

Ìkẹta ni "N kò tíì parí rẹ̀", ìkẹrin ni "N kò parí rẹ̀". Ojú ewé kan náà, ìwé kan náà, ìtumọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Bí ẹ bá lè rí irú ipò méjì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ti ní ìdánrawò tó ju ojú ewé mẹ́ta ìwé iṣẹ́ lọ.

Ọ̀nà mìíràn tó wúlò gan-an: ẹ ka ọ̀rọ̀ kúkurú kan ní ìwọ̀n ìyára tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n kàn gbọ́. Ìgbà kejì, kí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni mẹ́ta-mẹ́ta jọ tún un kọ, kí wọ́n sì fi tiwọn wé tiyín. Níbi tí tiwọn ti ní "kò" tí tiyín sì ní "kò tíì", wọ́n á fi ojú ara wọn rí ohun tí etí wọn ré kọjá. Ẹ má kà á ní ìwọ̀n ìyára àpèkọ, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn da ohun tí wọ́n gbọ́ kọ, wọn kò ní nílò gírámà láti tún ọ̀rọ̀ náà tò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mú èsì tó tọ̀nà wá pé, "Kí ló dé tí o fi yan ìyẹn?" Bí ó bá sọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀sì tàbí ìwé, ó ti yé e. Bí ó bá sọ pé "nítorí pé ti iwájú náà jẹ́ tíì", ó ń tẹ̀ lé bí ẹ ṣe to ìbéèrè ni. Ẹ da wọn rú.

Ìgbésẹ̀ 7: Iṣẹ́ tó nílò èdè kí ó tó ṣeé ṣe

Ẹ fún ẹni méjì-méjì ní ìwé iṣẹ́ tí ẹ ti pèsè. Ètò kan ń bọ̀ lọ́la, iṣẹ́ mẹ́wàá ló wà nílẹ̀: tẹ ìwé ìpè, to àga, tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, pe olùbánisọ̀rọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé A mọ ibi tí márùn-ún dé, ìwé B mọ ti márùn-ún yòókù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ọ̀kan nínú ipò mẹ́ta: ó ti parí, ó ṣì kù, tàbí a ti pinnu pé a kò ní ṣe é mọ́. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn láìwo ìwé ẹnì kejì, kí wọ́n sì mú orúkọ àwọn iṣẹ́ tó kù láti ṣe wá.

Ohun tí ẹ óò máa gbọ́ nìyí:

"Ṣé wọ́n ti tẹ ìwé ìpè?"
"Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Orí fóònù ni wọ́n fi ránṣẹ́."
"Àga ńkọ́?"
"Wọn kò tíì tò ó."
"Ó dáa, à ń fi ìyẹn sínú tiwa."

Ẹni tó bá gbọ́ "kò" bíi "kò tíì" á fi iṣẹ́ tí kò sí mọ́ kún tirẹ̀, èsì wọn kò sì ní bá ara mu. Gírámà ló ń pinnu bí iṣẹ́ náà ṣe máa yọrí sí, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ ọ́n lára.

Bí kíláàsì bá pọ̀ gan-an, ẹni tó jókòó ti ara wọn ló máa ṣe é, ẹ kò sì ní lè tẹ́tí sí gbogbo wọn. Ẹ yan ẹgbẹ́ mẹ́fà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ó lè kan àwọn mìíràn nígbà tó ń bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa gba ọ̀nà àbùjá, tí wọ́n á kàn na ìwé sí ara wọn, tàbí tí wọ́n á máa dáhùn "Rárá" láìfi gbólóhùn kún un. Ẹ̀yìn-sí-ẹ̀yìn ni kí wọ́n jókòó. Ó yanjú ti àkọ́kọ́. Fún ti ìkejì, ẹ rántí pé "Rárá" nìkan kò tó láti ṣe iṣẹ́ náà: ẹni tó béèrè kò tíì mọ̀ bóyá kí òun fi í sínú tòun. Ẹ ní kí ó béèrè títí yóò fi mọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Orúkọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú wá gbọ́dọ̀ bá tiyín mu. Níbi tí kò bá ti bá a mu, ẹ ní kí wọ́n tún gbólóhùn tó ṣì wọ́n lọ́nà sọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Àtúnṣe

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù láti tún àṣìṣe ṣe ni kí olùkọ́ kàn tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní "Mo kò ti parí." Olùkọ́ ní "Áà, o kò tíì parí." Akẹ́kọ̀ọ́ ní "Bẹ́ẹ̀ ni," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ pé olùkọ́ gbà fún òun, kò gbọ́ àtúnṣe kankan. Ìwádìí tí Roy Lyster àti Leila Ranta tẹ̀ jáde ní 1997, nípa kíláàsì tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ ní Kánádà, fi hàn pé irú àtúnṣe yìí ni olùkọ́ ń lò jù lọ, òun náà sì ni kì í sábà mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ gbìyànjú àwọn wọ̀nyí, kí ẹ máa lọ láti èyí tó fúyẹ́ jù:

Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró sí ibi tí àṣìṣe wà: "Mi ò...?" Ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí máa ń nira fún olùkọ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ẹ fara dà á. Bí kò bá rí i, ẹ béèrè ìtumọ̀: "Ṣé o ṣì ń ṣe é lọ́wọ́, àbí o ti fi í sílẹ̀?" Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ á sì wá fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣì há, ẹ fún un ní méjì kí ó yan ọ̀kan. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ sọ ọ́ fún un, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn náà látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni kí ẹ tún ṣe. Bí iṣẹ́ ìgbésẹ̀ 7 bá ń lọ, kókó tòní nìkan ni kí ẹ dá sí, àti ohun tó bá mú kí ọ̀rọ̀ má yé ẹni tó ń gbọ́. Ẹ kọ ìyókù sórí bébà yín. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́fà sójú pátákó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí méjì nínú wọn jẹ́ èyí tó tọ̀nà, kí kíláàsì sì tú u wò. Àwọn méjì tó tọ̀nà yẹn pọn dandan, kí wọ́n má ba à rò pé gbogbo ohun tó bá dé ojú pátákó ló bàjẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ta ló sọ gbólóhùn tó tọ̀nà kẹ́yìn, ẹ̀yin tàbí akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ máa kíyè sí i fún gbogbo kíláàsì kan.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ padà sí i

Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa lónìí lè di àwátì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ẹ kọ́ wọn láìdára. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e, òmíràn lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Ẹ má tún òfin kà fún wọn. Ẹ bi wọ́n ní ohun gidi: "Kí ni ẹ kò tíì ṣe lónìí tó yẹ kí ẹ ti ṣe?"

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá padà, ẹ lè máa gbọ́ "kò tíì" níbi gbogbo, títí kan "Lánàá, n kò tíì lọ síbẹ̀" níbi tí "n kò lọ síbẹ̀" ti tó. Ẹ má bẹ̀rù. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé kókó tuntun ti wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ààlà rẹ̀ ni. Ẹ tún fún wọn ní ipò méjì-méjì bíi ti bọ́ọ̀sì, á rọlẹ̀.

Nígbà kejì, ẹ pò ó mọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo: Kò wá. Kò tíì wá. Kì í wá. Kò ní wá. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn kékeré kan tí yóò mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òtítọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní ìgbà kẹta, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ẹ béèrè ohun kan tí kò jọ ẹ̀kọ́, bóyá nígbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fetí sí èsì àkọ́kọ́ tó bá jáde. Bí "mi ò tíì" bá jáde lẹ́nu ẹni tó pọ̀ jù láìronú, ẹ lè mú ẹyọ tó kàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ 6 àti 7 nìkan ni kí ẹ padà sí, pẹ̀lú ipò tuntun. Ẹ fi àlàyé sílẹ̀.